Wíwọn Ìbànújẹ́ àti Àlàáfíà Ọkàn ní Ọjọ́ Alẹ́

Àwọn tí wọ́n pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àlàáfíà àwọn arúgbó. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi ara wọn léèrè pé báwo ni a ṣe lè wọn ohun tí kò ní ìbú tí kò sì ní òòró, tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò tó. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí a kì í wọ̀n ọ́n, nílé ìwòsàn, nínú ìwádìí àwọn yunifásítì, nínú ìwé tí ìjọba ń kà kí ó tó pín owó. Bí a bá sì ṣe wọ̀n ọ́n ni yóò sọ ẹni tí yóò rí ìtọ́jú gbà àti ẹni tí a ó fún ní oògùn ara ríro tí a ó sì ní kí ó máa lọ sílé.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ya ìbànújẹ́ tí í ṣe àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́ tí í ṣe ìpín gbogbo ẹ̀dá. Ẹni tí ó sin ọkọ tàbí aya, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú tí kò lè ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ mọ́, ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán tí kò sí ẹni tí ó lè bá rántí ìgbà èwe, kò lè ṣàìbànújẹ́, a kò sì gbọdọ̀ pe ẹkún rẹ̀ ní àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sí ohun tí ó dùn mọ́ ènìyàn nínú mọ́, tí oúnjẹ kò wù ú, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí agbára rẹ̀ ń tán láìṣiṣẹ́, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí ìrònú ikú sì ń bá a jẹ, tí ó ń bá a mu, àwọn oníṣègùn yóò sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ti di àìsàn, àìsàn náà sì gbóògùn. Àwọn baba wa kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Àwọn ni wọ́n wí pé ìbànújẹ́ a máa dorí àgbà kodò, àwọn náà ni wọ́n sì wí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Nítorí ìyẹ́ yìí ni àwọn kan ṣe gbà nígbà kan pé àìsàn náà kò sí láàrin wa. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers, dókítà òyìnbó tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà nínú ìlera àti nínú àìsàn, ó sì wí níbẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Lára ohun tí ó gbójú lé ni iye àwọn tí a gbà sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Mathari, ní Nairobi, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí fún. Ta ni a máa ń gbé lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Ẹni tí ó ń fa aṣọ ya, ẹni tí ó ń na ará ọjà. Ìyá àgbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tí ó kàn dákẹ́ tí kò sì jẹun, ta ni yóò gbé e lọ síbẹ̀? Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìwé yìí, ní 1961, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ti dá ètò ìtọ́jú alábúlé sílẹ̀ ní Aro ní 1954, àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti inú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń bi àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ nílé wọn. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn gbangba pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ṣọ̀wọ́n rárá láàrin Yorùbá. Láàrin 1953 àti 1961, àwọn ènìyàn wa kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti lọ béèrè ni ó yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni gbogbo ohun tí mo ní í sọ lónìí dá lé: iye tí a bá kà kò lè dára ju ọ̀nà tí a gbà béèrè lọ.

Lára àwọn òṣùwọ̀n tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ni èyí tí Max Hamilton ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 àti èyí tí Aaron Beck ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1961. Wọ́n wúlò púpọ̀, a sì ń lò wọ́n di òní, ṣùgbọ́n a kò dìídì ṣe wọ́n fún arúgbó. Bí a bá bi ẹni ọgbọ̀n ọdún bóyá oorun rẹ̀ kò gún mọ́, bóyá ara ń ro ó, tí ó sì wí pé bẹ́ẹ̀ ni, a ní ìdí láti fura. Bí a bá bi ẹni ọdún 75 ní ìbéèrè kan náà, kí ni a rí gbọ́ ju pé ó ti di ẹni ọdún 75 lọ? Eékún ń ro ó, ìtọ̀ ń jí i lóru, òkèlè tí ó ń wọlé kò pọ̀ mọ́, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn nínú wọn. Ìdí nìyí tí Jerome Yesavage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, fi kó 100 ìbéèrè jọ, tí wọ́n dán wọn wò lára àwọn arúgbó, tí wọ́n sì yan 30 tí ó ya ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára ẹni tí ó kàn ń darúgbó. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ara kúrò pátápátá. Wọ́n sì ṣe é kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, kí ó má ṣe àgbà ní wàhálà. Ní 1986 ni Sheikh àti Yesavage gé e kúrú sí 15, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àgbà káàkiri ayé ń lò.

Mo yìn wọ́n, iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a gbé ìwé ìbéèrè yìí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa kí a wò ó. Nínú ìbéèrè 15 náà, 10 wà tí bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì, 5 sì wà tí rárá jẹ́ àmì rẹ̀. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ju 5 lọ ni à ń fura sí. Ẹ wá wo ìyá àgbà kan tí ó fẹ́ yẹ́ ọmọ alákọ̀wé tí ó wá bá a sí, tí ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni, sí gbogbo ohun tí ọmọ náà kà jáde: 10 ni ìyá yìí yóò gbà, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí aláìsàn. Ẹ wo bàbá àgbà kan pẹ̀lú, tí kò fẹ́ kí a ka ibi kankan sí òun lọ́rùn, tí ó ń wí pé rárá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sí gbogbo rẹ̀: 5 gééré ni bàbá yìí yóò gbà, yóò sì dúró sí ẹnu ààlà gan-an. Àwọn méjèèjì ti ní iye tiwọn nínú ìwé, a kò sì tíì gbọ́ ohun kan nípa inú èyíkéyìí nínú wọn. Ìbéèrè kan tún wà níbẹ̀ tí ó ń wádìí bóyá àgbà fẹ́ràn láti jókòó sílé ju kí ó jáde lọ ṣe ohun tuntun. Ẹni tí ó bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, máàkì ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó gbà. Ní ilẹ̀ tí arúgbó ti ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, àgbà tí ó ń kiri ni à ń ṣàánú. Èyí tí ó jókòó sílé tí a ń wá kí, tí àwọn ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fún láàárọ̀, tí a ń gbé ẹjọ́ lọkọláya wá bá kí ó tó jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀ tán, òun ni a ń sọ pé ó rí ọjọ́ alẹ́ tí ó dára. Òṣùwọ̀n tí a kò yẹ̀ wò kí a tó lò ó lára ènìyàn wa kò yàtọ̀ sí kóńgò tí a ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú: kóńgò náà ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ìrẹsì inú rẹ̀ kò pé.

Ti ara tí wọ́n yọ kúrò náà kò sì rọrùn fún wa bí ó ti rọrùn fún wọn. Nítorí pé ara ni àgbà wa fi ń sọ ti ọkàn. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ óò gbọ́ wọn lórí àga gígùn: orí mi ń gbóná, nǹkan kan ń rìn mí lára, àyà mi ń já, ó ń rẹ̀ mí láti inú egungun wá. Dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ kún yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò wo ibà, yóò kọ oògùn, ìyá yóò sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú orí gbígbóná kan náà. Mo gbà pé ó tọ́ kí a má fi ara kún òǹkà. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá di etí sí ọ̀rọ̀ ara ti di etí sí ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ láti gbà sọ̀rọ̀, nítorí náà èmi yóò fi ara ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, n ó sì bi ìyá pé nígbà tí orí náà bá ń gbóná, kí ni ó máa ń wà lọ́kàn yín?

Mo wá dé ibi tí ó le jù, òun náà sì ni ibi tí ẹnu wa ti yá jù. Ẹ bi àgbà Yorùbá pé ṣé àlàáfíà ni, a dúpẹ́ ni yóò wí, ì báà ṣe pé kò fojú kan oorun láti oṣù kan sẹ́yìn. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa. Ìkíni ni ó gbọ́, ó sì dá ìkíni lóhùn. Ó mọ̀ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ̀ẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi, ibi lè jẹ́ ẹ lóhùn. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹni mọ́ṣáláṣí, ó mọ̀ pé ẹni tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí di ọgọ́rin ọdún tí ó tún ń ṣàròyé, aláìmoore ni àwọn ará yóò pè é. Ta ni ó sì jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń mú bírò lọ́wọ́? Ẹni tí ó tó ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, tí kò mọ ìdílé rẹ̀, tí kò ní í padà wá mọ́, àgbà kì í sì tú inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀ràn tí ó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à ń fi í rín, akọ̀wé yóò sì kọ sínú ìwé pé bàbá yìí túra ká.

Kí ni a ó wá ṣe? Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò kí tán ná. Yóò jókòó, kò ní í dúró lé àgbà lórí. Yóò béèrè àwọn ọmọ ní oríkì wọn bí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò béèrè oko, yóò béèrè ọjà, yóò jẹ́ kí a dúpẹ́ gbogbo rẹ̀ tán nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wí pé: ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe pé mo ń kí yín mọ́ o, láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni ilẹ̀ mọ́ tí kò wù yín láti dìde? Ìgbà wo ni ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, kí ni ó sì pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ ó rí i pé a kò lè fi a dúpẹ́ dáhùn ìyẹn. Àgbà yóò dákẹ́ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbéèrè mìíràn dí ìdákẹ́jẹ́ náà.

Lára àwọn òṣùwọ̀n tí ó gbilẹ̀ jù lóde òní ni èyí tí Kroenke, Spitzer àti Williams gbé jáde ní 2001, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, oníbéèrè mẹ́sàn-án lórí ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá. Òdo sí mẹ́ta ni máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, 27 ni gbogbo rẹ̀, 10 sókè sì ni ibi ìfura. Ó ń béèrè bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, ní ọjọ́ tí ó ju ìlàjì lọ, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, èyí tí ó ṣòro láti kà létí ẹni tí kò kàwé, àyàfi bí a bá fi ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìsìn ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹsàn-án ni ó gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé òun ni ó ń wádìí bóyá ènìyàn ti ń rò pé ó sàn kí òun kú. Ẹ bi àgbà ọdún 85 ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin, yóò sọ fún yín, láìsí ìbẹ̀rù lóhùn rẹ̀, pé ilé ti yá, pé òun ti pa aṣọ ìsìnkú òun mọ́ sínú àpótí, pé kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ òun sin òun. Ẹni tí kò mọ̀ wá yóò fún un ní máàkì mẹ́ta. Ẹni tí ó sì rò pé òun mọ̀ wá tán yóò kọ òdo fún gbogbo arúgbó tí ó bá dárúkọ ikú, yóò sì kọjá lára ẹni tí ó ti ń wo okùn. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì, etí sì lè gbọ́ ọ: ẹni tí ó ń múra ilé máa ń sọ ti àwọn ọmọ, ti ogún, ti ẹni tí yóò pa màlúù, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì máa ń sọ pé ẹrù ni òun, pé òun ń ni wọ́n lára, pé bí òun bá ti lọ ara yóò tù wọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ èyí ìkejì, ẹ má ṣe fi ẹni náà sílẹ̀ ní òun nìkan ní ọjọ́ náà; ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwádìí ńlá tí a ṣe nílé. Ní 2003 àti 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn rán àwọn òṣìṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí ó fara kan ara wọn tí a ti ń sọ Yorùbá, láti Èkó títí dé Kwara àti Kogí, wọ́n sì bá 2,152 ènìyàn sọ̀rọ̀ nílé wọn ní èdè wọn, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 65 sókè. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni láti mọ ẹni tí ó ti pé 65. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ìbí. Ìgbà tí Ogun Àdùbí jà ní 1918, ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956, irú nǹkan báwọ̀nyí ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí wọn. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí Ajayi àti Igun ṣe ní 1963 wà nílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, Ògúnníyì àti Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn sì yẹ̀ ẹ́ wò ní 1993 pé ó ṣe é gbára lé. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Níbi tí ìwé kò ti sí, wọn kò fi ìméfò kún àlàfo. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń rántí ni wọ́n gbà, wọ́n sì dán ọ̀nà náà wò.

Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2007, ni pé nínú 100 àgbà, 26.2 ni ó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó di àìsàn rí láyé wọn, 7.1 sì ní i láàrin ọdún kan ṣáájú ìbéèrè. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bí ibùgbé ṣe ń di ìlú ńlá. Kò yà mí lẹ́nu. Ìyá tí a gbé wá láti abúlé kí ó wá tọ́jú ọmọ ọmọ lórí òkè ilé kẹta ní Èkó, tí àwọn òbí ọmọ jáde ní aago márùn-ún òwúrọ̀ tí wọn kò sì wọlé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sí ẹni tí ó lè bá sọ ọ̀rọ̀ ju tẹlifíṣàn lọ.

Àmọ́ ohun kan wà tí ó yẹ kí ó mú wa ronú. Gureje kan náà ni ó ṣe olórí ìwádìí mìíràn, tí a fi irú ìwé ìbéèrè kan náà ṣe, láàrin àwọn ènìyàn ọdún 18 sókè ní apá púpọ̀ Nàìjíríà. Nínú ìyẹn, 3.1 nínú 100 péré ni ó ti ní àìsàn náà rí, 1.1 sì ni ti ọdún kan. Láti 3.1 dé 26.2! Òótọ́ ni pé ẹni tí ó pẹ́ láyé ni ojú rẹ̀ ń rí nǹkan, òótọ́ sì ni pé ìrora ara àti opó ṣíṣe a máa kó ìrẹ̀wẹ̀sì báni, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ọjọ́ orí nìkan ni ó mú gbogbo ìyàtọ̀ yìí wá. Mo gbà pé ẹni tí ó wá sílé arúgbó ní torí arúgbó, tí ó jókòó tì í, tí kò kánjú, yóò gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ń ti ilé dé ilé kò ní í gbọ́. Bí a bá sì ní kí n gbára lé ọ̀kan nínú iye méjèèjì tí Ìbàdàn fún wa nípa àgbà, 7.1 ni n ó mú, nítorí pé ti ọdún kan ni, kò béèrè pé kí ẹni ọgọ́rin ọdún ṣírò bí inú rẹ̀ ṣe rí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Àgbà kan nínú mẹ́rìnlá ni ìyẹn. Ẹ wo ìjókòó yìí, kí ẹ sì kà á.

Ọgbọ́n kan tún wà tí a kọ́ láti Ìdíkàn, ní Ìbàdàn kan náà, níbi tí Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie ti Indiana ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992 lórí àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, tí wọ́n ń fi àwọn Yorùbá Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ìwé ìbéèrè wọn ní ìhà méjì: a bi àgbà fúnra rẹ̀, a sì bi ará ilé rẹ̀ kan tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà, èyí dára, pàápàá nítorí pé ìgbàgbé àti ìrẹ̀wẹ̀sì a máa fara jọ ara wọn lójú ẹni tí kò fara balẹ̀: àwọn méjèèjì a máa sọni di ẹni tí ó dákẹ́, tí kò dá sí nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ ni kí a bi wọ́n. Bí ọmọ tí ó ń bọ́ ìyá bá jókòó tì í, ohun tí ìyá yóò wí ni pé àwọn ọmọ òun ń tọ́jú òun dáadáa, bí ọmọ yẹn gan-an tilẹ̀ ni ó ń dun ìyá lọ́kàn.

Ti àlàáfíà ńkọ́? Ẹni tí kò ní ìrẹ̀wẹ̀sì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ayé dùn mọ́, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ní òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ fún un. Èyí tí ó kúrú nínú wọn ni WHO-5 ti 1998, oníbéèrè márùn-ún, lórí inú dídùn, ìfọ̀kànbalẹ̀, okun ara, jíjí pẹ̀lú ara yíyá, àti rírí ohun tí ó wuni ṣe lójoojúmọ́. 25 ni máàkì rẹ̀, a sì máa ń fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó lè di 100. Ẹni tí kò bá dé 50 ni à ń wádìí síwájú sí i. Ohun rere nìkan ni ó ń dárúkọ, nítorí náà kò bá èèwọ̀ ẹnu wa jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ni a dúpẹ́ lè gbé mì tètè jù. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní CASP-19, tí ó jáde ní 2003, ni èmi bá ní ìjà. Wọ́n gbé e ka orí agbára lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni, òmìnira, ìgbádùn, àti dídé ibi tí ènìyàn lè dé. Ohun tí ó dára ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó ka ojúṣe ẹni sí ẹbí mọ́ àwọn ohun tí ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀, ẹni tí ojúṣe ẹbí bá sì wọ̀ lọ́rùn, máàkì àlàáfíà rẹ̀ á dín. Ní tiwa, ìgbà tí ẹbí kò bá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àgbà mọ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Owó, ọmọ, àìkú ni ire mẹ́ta tí à ń tọrọ, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìwádìí Ìbàdàn lórí àwọn àgbà 2,152 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lo òṣùwọ̀n ìgbé ayé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, oníbéèrè 26, ó sì rí i pé rírí ọ̀rẹ́ àti kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò wà lára ohun tí ó fi ìgbé ayé rere hàn jù lọ láàrin àwọn àgbà wa.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ìbéèrè kan kún wọn, ohun tí n ó béèrè ni pé: nígbà wo ni wọ́n bi yín kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣe nǹkan nínú ilé yìí? Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wu olùkọ́ kan kò tíì di òṣùwọ̀n. A ní láti dán an wò lára ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Òkè Ògùn, ní ẹ̀ka èdè tí oníkálukú ń sọ, kí a fi ìdáhùn wọn wé ohun tí oníṣègùn tí ó jókòó tì wọ́n rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ní yunifásítì wa, iṣẹ́ ń dúró dè yín. Ẹ má ṣe kàn gba ìwé ìbéèrè kankan nítorí pé ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ má sì ṣe kó iye kankan wá bá wa láìsọ ẹni tí ó béèrè, èdè tí ó fi béèrè, àti ẹni tí ó jókòó tì wọ́n nígbà tí àgbà ń dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ni n ó bẹ̀ kẹ́yìn. Kò sí arúgbó tí ó dé ọ̀dọ̀ yín tí ẹ kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń tú okùn òṣùwọ̀n náà kúrò ní apá rẹ̀, ẹ fi ìbéèrè méjì kún un: láti ọ̀sẹ̀ méjì, ǹjẹ́ nǹkan ṣì ń dùn mọ́ yín nínú láti ṣe, ǹjẹ́ ọkàn yín sì ń wúwo? Ẹ bi wọ́n níbi tí ọmọ kò ti ní í gbọ́. Ẹ tún bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá padà wá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kò béèrè ẹ̀rọ, owó rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba kankan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.